Aró ni àbí osùn? Bí ẹ ó ṣe yan òdòdó elésè-àlùkò fún àgbàlá yín

Bougainvillea kan wà lẹ́nu géètì mi n'Ìbàdàn tó yẹ kó jẹ́ elésè-àlùkò. Ẹni tó tà á fún mi fọwọ́ sọ̀yà pé elésè-àlùkò ni. Ewé nìkan ló wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rà á, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Oṣù méje gbáko lẹ́yìn náà ló tó tanná, àwọ̀ bíríkì ló yọ síta. Ó lẹ́wà o, n kò sì lè hú u dànù. Àmọ́ àwọ̀ bíríkì náà ni ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àlejò á kọjá níbẹ̀ lọ kọjá bọ̀, kò ní mọ̀ pé òdòdó ń tan.

Ohun tó yẹ kí n ti ṣe kí n tó yọ owó lápò ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí. Ojú ọjọ́ ilẹ̀ Yorùbá ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n, láti Èkó dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ mọ irú elésè-àlùkò tí ẹ ń wá

Àwọn àgbà ní agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun. Ẹyẹ àlùkò tí a fi pe àwọ̀ yìí, tí ẹ bá rí i níbi tó bà sí, ara rẹ̀ á ṣú bí aṣọ tó mu aró yó. Ìgbà tó bá na ìyẹ́ tó fò ni ẹ ó rí pupa osùn lára rẹ̀. Bí òdòdó aláwọ̀ yìí náà ṣe rí nìyẹn. Elésè-àlùkò kì í ṣe àwọ̀ kan ṣoṣo. Ó ń rìn láàárín aró àti osùn ni, ibi tó bá sì dúró sí ló máa sọ bó ṣe máa yọ lára ògiri yín.

Nínú àwọn tí a máa ń rí rà lọ́dọ̀ wa (màá ṣàlàyé wọn ní ìgbésẹ̀ kẹrin), Thunbergia erecta, Petrea, Clitoria àti Duranta súnmọ́ aró. Bougainvillea elésè-àlùkò, Gomphrena àti akòko súnmọ́ osùn. (Bẹ́ẹ̀ ni, akòko tí a fi ń jẹ oyè. Mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.) Nínú ìhà méjèèjì, àwọn kan wà tí àwọ̀ wọn fẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí àwọn aláṣọ ẹbí ń pè ní láílààkì.

Kí ni ìyẹn kàn yín? Ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn ibi tí ẹ fẹ́ gbin nǹkan sí. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ pupa, páànù tó ti dípẹtà tàbí ògiri aláwọ̀ bíríkì, èyí tó súnmọ́ osùn á bá a dọ́gba, kò ní hàn. Bó bá jẹ́ ògiri bulọ́ọ̀kù tí ẹ kò tíì rẹ́, èyí tó ṣú á rì sínú rẹ̀, èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ wá. Ògiri funfun tàbí aláwọ̀ wàrà gba gbogbo wọn.

Ìgbà tí ẹ máa ń wà nílé náà ṣe pàtàkì. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ojú wa kì í rí pupa dáadáa mọ́. Ohun tó súnmọ́ aró ló máa ń pẹ́ kó tó ṣókùnkùn. Bougainvillea tó ń jó bí iná lọ́sàn-án, tó bá fi máa di agogo méje alẹ́, ó ti di dúdú. Duranta láílààkì á ṣì máa hàn. Ẹni tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ló ń ti ibi iṣẹ́ dé, kó rò ó dáadáa.

Ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò kò náni ní kọ́bọ̀. Gbogbo wa la ní àjákù aṣọ ẹbí elésè-àlùkò nílé. Ẹ mú èyí tó súnmọ́ aró kan, ẹ mú èyí tó súnmọ́ osùn kan, ẹ fi wọ́n kọ́ orí igi níbi tí ẹ fẹ́ gbin òdòdó sí. Ẹ lọ dúró sí ẹnu géètì, sí iwájú fèrèsé ilé ìdáná, níbikíbi tí ẹ ti máa ń wo ìta. Ẹ wò wọ́n láàárọ̀, ní ọ̀sán gangan, àti nígbà tí wọ́n bá ń kírun ìrọ̀lẹ́. Èyí tó bá sọnù mọ́ yín lójú, ẹ má ra òdòdó aláwọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka oòrùn

Ọ̀pọ̀ òdòdó yìí fẹ́ oòrùn tó tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Ẹ má fojú dá a. Ẹ jáde lágogo mẹ́jọ àárọ̀, lágogo méjìlá, lágogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi òkúta sàmì ibi tí òjìji dé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé òjìji náà ń ṣí kiri lọ́dún. Ìbàdàn wà ní nǹkan bíi dígíríì 7 sí àríwá agbedeméjì ayé, nítorí náà, láti bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá; ní oṣù tó kù, apá gúúsù ni. Ohun tí ẹ bá gbìn mọ́ ògiri gúúsù ilé lè máa gba oòrùn gbáú nígbà ọyẹ́, kó wá wà lábẹ́ òjìji ilé ní ọ̀sán nígbà òjò. Tí ẹ bá wọ̀n ọ́n ní oṣù kan péré, òṣùwọ̀n yín kò pé.

Ibi tí oòrùn kò bá ti tó wákàtí mẹ́fà, Thunbergia erecta lè gbà á bí oòrùn àárọ̀ bá kàn án. Bougainvillea kò ní gbà. Á yọ ewé, á yọ ẹ̀gún, á sì máa wò yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ bi ilẹ̀ léèrè

Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ da omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, kí ẹ tún da omi mìíràn sí i. Bí omi kejì yẹn bá fà láàárín wákàtí díẹ̀, ẹ ti rí ilẹ̀. Bó bá di ọjọ́ kejì tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, amọ̀ ni tàbí àbàtà, gbòǹgbò á jẹrà níbẹ̀. Ẹ mọ ebè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan kí ẹ gbìn sórí rẹ̀, tàbí kí ẹ lo ìkòkò tó nídìí jíjò. Ti Lẹ́kí àti Àjàh sábà máa ń yàtọ̀: yanrìn ni, omi ń sá lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ajílẹ̀ ń tẹ̀lé e. Níbẹ̀, ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà àti ewé jíjẹrà ni kí ẹ fi lé yanrìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yan igi náà

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a ti jókòó díẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo, Thunbergia erecta ni màá mú. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ni orírun rẹ̀, kò sí pé à ń tọ́jú àlejò. Igi kúkúrú ni, ó lè ga tó ènìyàn tàbí kó fi díẹ̀ lé e. Òdòdó rẹ̀ ṣú bí aró tó gba omi osùn díẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọsàn. Ìpọ́n inú yẹn ló ń gbà á sílẹ̀: ó gbé ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ wá, nítorí náà kì í rì sínú ewé bí àwọn elésè-àlùkò tó ṣú yòókù. Ẹ lè fi ṣe ọgbà yí ilé ká, kí ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta jìnnà síra. Ó máa ń tanná ní ìdìkan-ìdìkan. Bí ìdìkan bá tán, ẹ gé orí rẹ̀ díẹ̀, òmíràn á yọ.

Duranta tẹ̀ lé e. Mo sì fẹ́ kí ẹ wo àyíká yín dáadáa kí ẹ tó lọ rà á, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ní in. Yẹ́lò bọ́ṣì, èyí tí ewé rẹ̀ pọ́n bíi góòlù tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà kúkúrú níwájú ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì, Duranta ni. A kì í rí òdòdó rẹ̀ nítorí pé oníṣẹ́ ọgbà ń fi àdá gé e ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ fi ìdí méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ láìgé lẹ́yìnkùlé, kó lè dàgbà dáadáa, ẹ ó rí òdòdó láílààkì tó ń ṣù bí èso àjàrà, tí labalábá ń bá jà. Àmọ́ lẹ́yìn òdòdó ni èso wẹ́wẹ́ tó pọ́n bí ìlẹ̀kẹ̀ ń yọ, májèlé sì ni. Ilé tí ọmọ tó ń kó nǹkan sẹ́nu bá wà, ẹ gé èso náà kó tó pọ́n, tàbí kí ẹ yan nǹkan mìíràn.

Bougainvillea kò ṣeé fojú fò. Ilẹ̀ Brazil ló ti wá. Philibert Commerson, onímọ̀ ewéko ará Faransé, rí i ní Rio de Janeiro ní ọdún 1767, ó sì fi orúkọ Louis Antoine de Bougainville, ọ̀gá àwọn ọkọ̀ tí wọ́n bá wá, pè é. Ohun elésè-àlùkò tí à ń wò lára rẹ̀, ewé ni. Òdòdó rẹ̀ gan-an ni ohun funfun tíńtín tó wà láàárín ewé mẹ́ta náà. Ìyà ló sì ń mú un tanná. Ẹ máa fún un lómi lójoojúmọ́, ẹ máa bu ìgbẹ́ adìyẹ sí i, ewé tútù nìkan ni á máa fi dá yín lóhùn. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ gbẹ dáadáa kí ẹ tó tún bomi rin ín. Ìdí nìyẹn tó fi ń tàn yanranyanran nígbà ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan yòókù ń rọ. Ẹ̀gún rẹ̀ dára fún orí ògiri tí olè ń fò, kò dára fún ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Akòko wá. A mọ ewé rẹ̀ dáadáa, nítorí òun ni wọ́n ń fi sórí ẹni tó bá jẹ oyè. Òdòdó rẹ̀ ni a kì í wò. Nígbà tó bá tanná, orí igi náà á kún fún òdòdó onífèrè tó wà láàárín osùn àti elésè-àlùkò, tó funfun díẹ̀ nínú. Igi tó ń dúró ṣánṣán ni, kì í na apá gba gbogbo àgbàlá, èyí ló fi bá ilẹ̀ kékeré mu. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ tó gùn tó ọ̀pá, ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, á hù. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa ṣe ń fi ṣe ọgbà. Ilé mìíràn wà tí akòko jẹ́ igi ojúbọ fún wọn. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí lẹ ń gbé, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà léèrè kí ẹ tó gbìn ín, àti pàápàá kí ẹ tó gé e.

Fún ohun tó ń gun nǹkan, Petrea volubilis ló gba ipò kìn-ín-ní lójú mi. Ẹ ó dá a mọ̀ lọ́wọ́: ewé rẹ̀ le gbàgìgbàgì bí ewé ìpín tí wọ́n fi ń ha igbá. Òdòdó rẹ̀ ń rọ̀ wálẹ̀ ní ṣíṣù gígùn. Èyí tó ṣú láàárín á jábọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìràwọ̀ láílààkì tó yí i ká á sì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Igi ara rẹ̀ wúwo tó bá dàgbà, ẹ má fi sórí okùn tàbí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́; páìpù irin tàbí igi gidi ni. Àwọn tó ń rí àwòrán wisteria láti ilẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ń wá a, ìgbà òtútù ló ń mú ìyẹn tanná, ooru wa kò bá a mu. Petrea ni ẹ ń wá. Lavender náà ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tó wà ní London kó hóró rẹ̀ wá fún yín. Ilẹ̀ gbígbẹ àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló fẹ́, oṣù kẹfà wa á pa á.

Clitoria ternatea fúyẹ́, ó yá, kò sì náni lówó púpọ̀. Ẹ rẹ hóró rẹ̀ sínú omi mọ́jú, ẹ gbìn ín sẹ́bàá fẹ́ǹsì wáyà. Ẹbí ẹ̀wà ni, ó ń fi oúnjẹ kún ilẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ aró tán. Àwọn kan ń sè é mu bíi tíì, omi náà á rí bí aró, àmọ́ ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí ẹ wo bó ṣe ń di elésè-àlùkò lójú yín. Àwọn ọmọ mi ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ ilé tán nítorí eré yìí.

Fún ilẹ̀ẹ́lẹ̀ àti ìkòkò: Gomphrena globosa, tí òdòdó rẹ̀ rí roboto bí bọ́tìnì. Hóró la fi ń gbìn ín, oòrùn kì í bà á lẹ́rù, ẹ lè gé e gbẹ kó wà nínú ilé fún oṣù púpọ̀ láì pàdánù àwọ̀. Ẹni tí kò fẹ́ dúró de òdòdó rárá lè gbin Tradescantia pallida, tí ewé àti igi ara rẹ̀ jẹ́ elésè-àlùkò látòkè délẹ̀. Omi ara rẹ̀ máa ń yún àwọn kan lára, ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Àwọn tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún kò pọ̀. Ruellia simplex ń tanná elésè-àlùkò lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ tó bá gbó á là, á ta hóró ká, ọdún méjì sí i ẹ ó máa hú u nínú ebè ẹ̀fọ́. Ìkòkò ni ibi tirẹ̀. Catharanthus roseus rọrùn láti gbìn, àmọ́ àwọn oògùn líle kan tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ, vincristine àti vinblastine, ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe àgbo nílé yín. Jacaranda rẹwà púpọ̀, ó sì tóbi púpọ̀, kò sí àyè rẹ̀ nínú ilẹ̀ tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tó gùn ní 100, tí ilé, kànga àti sókáwéè ti gbà tán. Water hyacinth tó ń léfòó lórí ọ̀sà, tí òdòdó rẹ̀ ń dán bí ṣẹ́dà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e wá sínú adágún ilé yín. Ó wọ omi Àgbádárìgì ní ọdún 1984, àwọn apẹja kò tíì rí ìsinmi lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: níbi tí ẹ bá ti lọ rà á

Ẹ má ra aláwọ̀ tí ẹ kò tíì fojú rí. Bí kò bá sí òdòdó lórí rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n mú èyí tó ní tíńtín kan wá, tàbí kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ mìíràn. Àwọn oníṣòwò ẹ̀gbẹ́ títì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í purọ́. Ọ̀rá dúdú kan náà ni wọ́n fi ń gbin gbogbo rẹ̀, ewé wọn sì jọra, àwọn fúnra wọn kì í mọ èyí tó jẹ́ èwo. Ẹ má fi fóònù ya àwòrán aṣọ yín tó yege lójọ́sí, aṣọ náà gan-an ni kí ẹ mú dání, nítorí fóònù máa ń sọ elésè-àlùkò di aró.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí ewé dà, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ohun funfun bí òwú wà níbẹ̀. Kòkòrò ni, á ran gbogbo ọgbà yín. Ẹ gbé ọ̀rá sókè kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí gbòǹgbò bá ti wọ ilẹ̀ tí wọ́n gbé e kà, ó ti pẹ́ jù níbẹ̀, ó máa jìyà tí wọ́n bá fà á tu. Ẹ yan èyí tó kúrú tó lẹ́ka púpọ̀, ẹ fi èyí tó ga tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: gbígbìn

Ìgbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ló dára jù, láti oṣù kẹrin sí ìkẹfà. Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀ lè dúró de òjò oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bá gbìn ín nínú ọyẹ́, kó múra láti máa ponmi.

Ihò yẹn, ẹ jẹ́ kó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ọ̀rá tó wà, kó má sì jìn ju ọ̀rá lọ. Ìgbẹ́ màlúù tàbí ti adìyẹ tó ti jẹrà, tí kò rùn mọ́, ni kí ẹ pò mọ́ yẹ̀pẹ̀, ìwọ̀n ìgbẹ́ kan sí ìwọ̀n yẹ̀pẹ̀ mẹ́ta. Èyí tó ṣì tutù á jó gbòǹgbò. Ti bougainvillea, ẹ dín in kù sí ìdajì. Ẹ fi ọ̀bẹ la ọ̀rá, ẹ má fi ọwọ́ fa igi náà lọ́rùn. Ibi tí yẹ̀pẹ̀ dé lára rẹ̀ nínú ọ̀rá ni kó dé nínú ihò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ wẹ́rẹ́, ẹ bomi rin ín dáadáa, kí ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, àmọ́ kí koríko má kan igi. Bí òjò kò bá rọ̀, korobá omi kan lọ́jọ́ méjì-méjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kó máa wá oúnjẹ fúnra rẹ̀.

Ewúrẹ́ á yọjú. Ẹ fi àwọ̀n yí i ká fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, pàápàá ohunkóhun tó jẹ́ ẹbí ẹ̀wà.

Tó bá di ọdún kejì, ẹ lè sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ gé ẹ̀ka Thunbergia, Duranta tàbí bougainvillea tó nípọn tó pẹ́ńsù, tó gùn tó ìka àtàǹpàkò sí ọmọńdinrín tí ẹ bá yà wọ́n. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ rì í dé ìdajì sínú yanrìn tútù lábẹ́ òjìji, á ta gbòǹgbò ní nǹkan bí oṣù kan sí méjì. Ẹ̀ka tí ẹ bá gé lára ìyá, àwọ̀ ìyá ló máa gbé jáde láìtàsé, nítorí náà, bí ẹ bá rí elésè-àlùkò tó wù yín lójúde aládùúgbò, ẹ lọ kí i, ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀ka mẹ́rin.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí tèmi níkẹyìn, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì omi báyìí. Ti ẹnu géètì ṣì wà níbi tó wà. Ọ̀dà funfun ni mo rà fún ògiri.